Ẹ̀rọ Kò Ní Ìyá Tí Yóò Sọ Fún

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣe kò sí mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, ẹ kò lè yan èyí bó tilẹ̀ wù yín, nítorí ẹ̀rọ ti gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi kò tíì gbó, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti sọ ọ́. Ràlíátù ni orúkọ mi. Àwọn tó mọ̀ mí ní Bẹ́ẹ̀rẹ́ ń pè mí ní Ràlíà. Àwọn tó mọ̀ mí lórí wáyà kò mọ ojú mi, ohùn mi ni wọ́n mọ̀. Ọpirétọ̀ tẹlifóònù ni mí.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ awọ nínú agboolé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ́, màmá mi ń pa aṣọ láró, wọ́n sì ń ta àdìrẹ ní Ọjà'ba. Láyé ìgbà náà, kì í ṣe gbogbo ọmọbìnrin agboolé Mùsùlùmí ló ń jókòó ní kíláàsì títí dé ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n bàbá mi ní ó ti sú òun kí àjèjì máa ka lẹ́tà òun fún òun. Mo kàwé. Nígbà tí ìjọba ń wá ọmọbìnrin tí ohùn wọn já gaara, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà tó mi í jẹ, kò tó mi í fi yangàn. Ó parí síbẹ̀.

Ibi ìkọ́ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹni tó kọ́ mi ni Mísíìsì Ọdúntàn. Opó ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, wọ́n rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, wọn kì í sì í pariwo. Ẹni tí kì í pariwo gan-an ló ń bani lẹ́rù. Pátákó gíga kan wà níwájú wa tó kún fún ihò bí afárá oyin. Ihò kọ̀ọ̀kan ni ilé ẹnì kan tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan. Bí onítọ̀hún bá gbé tẹlifóònù rẹ̀, ìdérí péńpé kan á já lórí ihò rẹ̀, táà! A ó ki okùn kan bọ ibẹ̀, a ó béèrè ẹni tó ń wá, a ó ki okùn kejì bọ ihò ẹni náà, a ó lu aago fún un. Bí àwọn méjèèjì bá ti ń sọ̀rọ̀, a ó pa etí tiwa dé.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti pátákó tí kò níná, tí mò ń ki okùn bọ ihò tí kò lọ síbì kankan, kí Mísíìsì tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan èyí tí èèyàn wà nídìí rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ tí ohùn mi gbọ̀n, wọ́n á ní, "Ràlíátù, ẹni tó wà lọ́hùn-ún ti rò pé ẹnì kan kú. Tún un sọ." Bí mo bá yára jù, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n lọ rẹ́rìn-ín tán níta kí n tó padà wá. Ọjọ́ kan wà tí mo sọ "Nọ́ńbà wo lẹ ń fẹ́?" ní ìgbà ogójì, mo kà á.

Òfin kan ló ga ju gbogbo òfin lọ lọ́dọ̀ wọn. Wọn kì í sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárọ̀, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí wọn kì í sọ ọ́: "Ọwọ́ yín ni ìjọba gbà síṣẹ́. Wọn ò gba etí yín. Bí ẹ bá ti so wọ́n pọ̀, ẹ kúrò láàárín wọn."

Àwọn àgbà ní bójú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ti ojú ni wọ́n sọ. Ti etí le jù ú lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bọ́ sídìí pátákó gidi ni ìdérí ihò Alájì Bùsárì já. Oníṣòwò obì ni Alájì, ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní ìsàlẹ̀ Mápó lójú ọ̀nà Ọjà'ba, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń bá Kánò sọ̀rọ̀.

"Nọ́ńbà wo lẹ ń fẹ́, sà?"

"Nọ́ńbà kẹ̀? Ta nìyí?"

"Ọpirétọ̀ ni, sà."

"Mo ní ta nìyí? Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo wo òsì. "Ràlíà ni, sà. Ọmọ Sànúsí aláwọ, ní Bẹ́ẹ̀rẹ́."

"Haà! Ọmọ Sànúsí! Ìwọ lo wà nínú nǹkan yìí? Bàbá ń kọ́? Ṣé ara wọn ti yá? Màmá rẹ ń kọ́?"

Ẹ̀yin ará, n kò mọ ìgbà tí mo kúrò lórí àga. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo bá ara mi, tí mò ń dáhùn pé, "A dúpẹ́, sà. Wọ́n wà, sà." Nígbà tí mo gbójú sókè, Mísíìsì Ọdúntàn ló dúró tì mí.

"Ràlíátù, ta lò ń kúnlẹ̀ fún?"

"Alájì Bùsárì ni, mà."

"Ṣé wọ́n ń rí ẹ?"

"Rárá, mà."

"Dìde. Wáyà ò mọ ìkúnlẹ̀."

Mo dìde, ṣùgbọ́n n kò gbà lọ́kàn mi. Láti ọjọ́ náà, Alájì kò sọ nọ́ńbà fún mi rí. "Ràlíà, bá mi wá Músá ní Kánò," ni wọ́n á wí. Bí Músá kò bá sí ní ṣọ́ọ̀bù, mo mọ ilé ìkejì tí mo lè pè. Bí ó bá jẹ́ àsìkò ìrun, n kò tilẹ̀ ní lu aago, màá ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kírun tán, sà." Lọ́dọ̀ Alájì, kí èèyàn béèrè ará ilé ẹni kó tó béèrè ohunkóhun, òun ni ọ̀wọ̀.

Ẹlòmíràn tún wà. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà ni orúkọ wọn, Tíṣà ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, Òkè Bọ́lá ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ìyàwó wọn àti Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Tíṣà kì í béèrè ọmọ ta ni mí. Wọ́n á ka nọ́ńbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń pe ìdáhùn ìṣirò, wọ́n á ní "Ẹ ṣeun," ó tán. Mo kọ́kọ́ rò pé ìgbéraga ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lèyí náà. Lọ́dọ̀ Tíṣà, kí èèyàn má yọjú sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni ọ̀wọ̀. Èmi ni mo wá ba ọ̀wọ̀ yẹn jẹ́.

Ìbídùn ń múra ìgbéyàwó. Ará Abẹ́òkúta ni ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wọ́n sì ti kéde wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá mi ni wọ́n gbé iṣẹ́ àdìrẹ tí ìyàwó máa kó lọ ilé ọkọ fún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ìpè kan wọlé láti Abẹ́òkúta fún Tíṣà. Ọ̀nà náà burú, ó ń já, ó ń so. Bí ọ̀nà bá rí bẹ́ẹ̀, a ní láti fetí sílẹ̀ kí a lè mọ ìgbà tó bá já. Ọwọ́ mi wà lórí okùn, etí mi wà lórí wáyà, mo sì gbọ́ tí bàbá ọkọ ń sọ pé kí wọ́n má bínú, ọmọ àwọn ní òun kò ṣe mọ́.

Tíṣà ní, "Mo gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi sọ fún ọmọ mi. Màá wá àyè tó dáa."

Nígbà tí mo délé ní ìrọ̀lẹ́, màmá mi wà nídìí ìkòkò aró. Aṣọ Ìbídùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ti fi ẹ̀kọ ya gbogbo rẹ̀ tán, ẹyẹ kéékèèké ni wọ́n yà sí i, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé èkínní pé kí àwọn tì í bọ aró.

"Màmá, ẹ má tíì rẹ aṣọ yẹn."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ṣáà dúró ná."

"Ràlíà, kí ló dé?"

Mo sọ fún wọn. Ẹ má rò pé òfófó ni mo ń ṣe. Ìyá mi ni mò ń ro, iṣẹ́ ìyá mi ni mò ń ro. Màmá mi fi ọwọ́ aláró bo ẹnu, wọ́n búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní kúrò nílẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ fún, obìnrin tí wọ́n jọ ń pa aró, kí òun náà lè dáwọ́ dúró. Ẹnì kan ṣoṣo yẹn náà ní ẹnì kan ṣoṣo tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìbídùn lọ ra ata ní Ọjà'ba. Ìyá kan dì í mú lọ́wọ́, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ọlọ́run á fi èyí tó sàn jù ú lọ rọ́pò."

Ìbídùn ní, "Ẹ ṣeun, mà. Kí ló ṣe mí?"

Tíṣà kò tíì sọ fún un. Wọ́n ṣì ń wá àyè tó dáa.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ìyẹn ni Tíṣà wá sí ibi iṣẹ́ wa. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ojú wọn: ọkùnrin gíga, kóòtù dúdú, fìlà lọ́wọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n ṣàlàyé fún Mísíìsì Ọdúntàn pé èèyàn méjì péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, bí kò bá jẹ́ pé ẹnì kẹta wà lórí wáyà. Mísíìsì tò wá sórí ìlà, àwa mẹ́fà. Wọ́n béèrè. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ẹ lọ gbé Bíbélì wá," ni Mísíìsì wí, "kí ẹ sì wá Kùránì fún àwọn Mùsùlùmí inú wọn."

Tíṣà ló gbà mí, láìmọ̀ pé èmi ni àwọn ń gbà. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní, "Rárá, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n búra. Ẹni tó ṣe é á tún parọ́ mọ́ ọn, ẹ̀ṣẹ̀ á di méjì." Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ. Èmi náà padà sídìí pátákó. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Mo mọ̀ ọ́n lówe tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ ọ́n lọ́ràn.

Ọdún mélòó kan kọjá, a gba òmìnira, ẹ̀rọ tuntun sì dé. Wọ́n tò ó sínú yàrá ńlá kan bí igbá lórí pẹpẹ inú ìsọ̀, ó sì ń ṣe tíkí-tíkí-tíkí bí òjò lórí páànù. Gbogbo ẹni tó ní tẹlifóònù ni wọ́n fún ní irú tuntun, tó ní àwo róbótó pẹ̀lú ihò mẹ́wàá. Ẹ ó ti ìka bọ ihò nọ́ńbà, ẹ ó yí i, ẹ ó fi í sílẹ̀, àwo náà á padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá yí nọ́ńbà tán, ẹ̀rọ á wá ilé ẹni tí ẹ ń wá láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn. Wọ́n fi àwa díẹ̀ sílẹ̀ fún ìpè ìlú òkèèrè àti fún ẹni tí kò bá rí ẹni tó ń wá. Ẹni tó bá fẹ́ wa á yí òdo.

Wọ́n ní kí n máa lọ láti ilé dé ilé kọ́ àwọn èèyàn. Òyìnbó tó kó ẹ̀rọ náà wá kìlọ̀ fún mi: "Àwọn ará ìsàlẹ̀ Mápó máa bẹ̀rù rẹ̀. Fọkàn wọn balẹ̀."

Ẹ̀rù kọ́. Alájì Bùsárì ti wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà, wọ́n ní ọkọ̀ ńlá méjì, aago wà lọ́rùn ọwọ́ wọn. Kí ni ẹ̀rọ máa fi dẹ́rù ba irú ẹni bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n ti fi aṣọ bo tẹlifóònù tuntun náà lórí tábìlì.

"Ó ti gbé mi lọ sílé onílé lẹ́ẹ̀mẹta lónìí," ni wọ́n wí. "Kò bẹ̀ mí. Kò kí mi. Bí mo bá gbé e, hùùù ló ń wí."

Mo ní kí wọ́n yí i kí n rí i. Wọ́n ti ìka bọ ọ́, wọ́n yí i dé ìparí, wọ́n sì fi ìka náà ti àwo padà sáyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka nọ́ńbà nígbà tí àwo bá ń padà, bí ọwọ́ bá sì ti í, ó máa ka èyí tí kò yẹ.

"Ẹ fi í sílẹ̀, sà. Ó máa padà fúnra rẹ̀."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, sà."

"Bí n kò bá tẹ̀ lé e délé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó délé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú wọn kò rẹ́rìn-ín. "Ràlíà, fetí sílẹ̀. Bí ìwọ bá so mí pọ̀ mọ́ ẹni tí kò yẹ, mo mọ ilé bàbá rẹ. Màá wọ bàtà mi, màá lọ bá a, a ó jókòó, a ó sọ ọ́, ó máa tán. Èyí ń kọ́? Lọ́jọ́ tó bá ṣì mí lọ́nà, ilé ta ni kí n gbà lọ?"

Mo sọ èsì yìí fún òyìnbó náà. Ó ní, "Ẹ̀rọ kì í ṣìnà. Bàbá yẹn ló ṣì í yí." Òótọ́ ni, ó sì tún jẹ́ irọ́, nítorí òyìnbó náà fúnra rẹ̀ ní ohun tó gbà gbọ́ tí kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú tiẹ̀, bí èèyàn àti ẹ̀rọ bá ń jà, èèyàn ló jẹ̀bi.

Ní Òkè Bọ́lá, Tíṣà kò nílò mi. Wọ́n ti ka ìwé ìlànà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyàwó wọn, Màmá Ìbídùn, fún mi lómi mu, èémí wọn ń súfèé bí wọ́n ti ń rìn. Ikọ́ fée ń bá wọn jà. Tíṣà yí nọ́ńbà níwájú mi, wọ́n fi àwo sílẹ̀ wọ̀ọ̀, ó padà, wọ́n gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ wọn lódìkejì, ojú wọn tàn bí ti ọmọdé.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀. "Kò sẹ́ni kẹta. Ẹ̀rọ kò ní ìyá tí yóò sọ fún."

Wọn kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé omi mì, mo ní, "Bí ẹ bá ń wá ẹnì kan tí ẹ kò rí, sà, ẹ yí òdo. Àwa lẹ máa bá."

"N kò ní nílò òdo."

Lóòótọ́, wọn kò yí i. Ọdún náà lọ sópin, ọyẹ́ dé, eruku bo gbogbo ìlú, ikọ́ fée Màmá Ìbídùn sì dìde ní agogo méjìlá ọ̀sán. Mọ́tò Tíṣà wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n yí nọ́ńbà dókítà wọn. Aago ń dún lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. Wọ́n tún yí i. Aago ń dún. Lójú wọn, níwọ̀n ìgbà tí aago bá ti ń dún, ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́, ẹnì kan máa tó gbé e. Wákàtí kan ni wọ́n fi ń yí i, tí ìyàwó wọn ń wá èémí lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó lu aago níbi tí wọ́n ní kó lù ú. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ilé òfìfo ló ń lù ú sí. Dókítà ti jáde láti àárọ̀ lọ wo aláìsàn kan, nọ́ọ̀sì rẹ̀ sì gbàyè lọ́jọ́ náà. Èmi mọ̀. Kí dókítà tó jáde ló ti pè wá pé, "Ràlíà, ìsàlẹ̀ Mápó ni mò ń lọ, nílé Ìmáàmù tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù Alájì Bùsárì." Mo kọ ọ́ sórí bébà níwájú mi.

Ìbídùn ló ti ibi iṣẹ́ dé tó bá wọn bẹ́ẹ̀. Ó gba tẹlifóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó yí òdo.

"Ẹ gbà mí o, màmá mi ò lè mí! Dókítà ò gbé e!"

"Ilé ta ni?"

"Ilé Tíṣà Adéṣínà, Òkè Bọ́lá."

N kò mọ bí mo ṣe pe Alájì. Mo ní, "Alájì, dókítà wà nílé Ìmáàmù, ẹ bá mi gbé e lọ sí Òkè Bọ́lá, obìnrin kan ń kú lọ." Alájì kò béèrè ọmọ ta ni. Wọn kò béèrè ìjọ tó ń lọ. Wọ́n fi obì sílẹ̀ lórí ẹní, wọ́n wa mọ́tò fúnra wọn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí dókítà fi dé ọ̀dọ̀ Màmá Ìbídùn.

Wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tún lò láyé. Nígbà tí wọ́n bi dókítà léèrè, ó ní ká ní òun tètè dé, bóyá. Bóyá kò sì ní yàtọ̀. Mo ti gbé "bóyá" yẹn kiri láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo lọ bá Mísíìsì Ọdúntàn nínú yàrá wọn, mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, "Mà, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ Ìbídùn níjọ́sí."

Wọ́n ń kọ̀wé, wọn kò gbórí sókè. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo, mà?"

"Láti ọjọ́ tí mo tò yín. Ìwọ nìkan lo wolẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò lé mi?"

Wọ́n gbé kálámù kalẹ̀. "Mò ń dúró kí o wá. O pẹ́, Ràlíátù. O pẹ́ jù."

Èmi nìkan ni mo lọ sí Òkè Bọ́lá. Ìbídùn ṣílẹ̀kùn fún mi. Tíṣà wà nínú pálọ̀, àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifóònù ṣófo. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: òjò, okùn, aró, ìyá mi. N kò yọ nǹkan kan kúrò. Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Tíṣà ní, "Ìdí tí n kò fi yí òdo nìyẹn. Ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ká ní mo yí i lẹ́ẹ̀kan péré, ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò gbé e, ṣé o máa rí dókítà?"

Mo tún wolẹ̀.

"Dá mi lóhùn. Ohùn rẹ kì í gbọ̀n."

"Ǹ bá rí i, sà. Ó wà lórí bébà níwájú mi."

Wọ́n wo àga òfìfo náà pẹ́. Ìbídùn wọlé lọ, mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú yàrá. Nígbà tó yá, Tíṣà ní, "Mo dárí jì ẹ́. Dìde, máa lọ sílé."

Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni Mísíìsì Ọdúntàn ti gba àyè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kí a máa ní ìwé kan nídìí òdo, tí a ó ti máa kọ ibi tí dókítà kọ̀ọ̀kan bá sọ pé òun ń lọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi ìwé náà sí. Mo ti fi í rí dókítà fún ẹni tí ejò bù jẹ, fún aboyún, fún ọmọ tó gbé kọ́bọ̀ mì. Àwọn kan yè, àwọn kan kò yè. Mísíìsì fẹ̀yìn tì, èmi náà sì di ẹni tí ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn tún dé, ọ̀kan ń lé ọ̀kan jáde, títí dé àwọn tí kò ní àwo mọ́, tí ó jẹ́ títẹ̀ ni. Alájì Bùsárì kọ́ láti fi àwo sílẹ̀ kó padà fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ọ̀rọ̀ obì, wọ́n ń yí i fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè, òdo ni wọ́n ń yí.

Wọ́n máa ń bi mí pé nínú èèyàn àti ẹ̀rọ, èwo ló ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. N kì í dáhùn ìbéèrè yẹn tààrà. Ibi tí wọ́n ti tọ́ èèyàn àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ ló ń sọ fún un ohun tó máa fọkàn tán. Wọ́n tọ́ Alájì sí ibi tí ẹ̀bi ti ní ojúlé, tí èèyàn lè kanlẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n tọ́ Tíṣà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ilé ti ní ilẹ̀kùn, èmi ni mo sì fọ́ ilẹ̀kùn náà. Kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yin tí ẹ bá máa ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ń gba ọwọ́ yín kọjá, yálà ẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ tàbí ẹ̀yin lẹ ń kọ́ ẹ̀rọ náà, kí ẹ mọ ẹni tó wà lódìkejì kí ẹ tó sọ pé ó ń bẹ̀rù.

Tíṣà pẹ́ láyé. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á ṣí fìlà wọn. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, wọ́n fi ìwé ọmọdé mẹ́ta ránṣẹ́ sí i. Ìdáríjì tí wọ́n fún mi kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ìpè Èkó kò ṣeé yí fúnra ẹni nígbà náà, ọwọ́ wa ló gbọ́dọ̀ gbà, Ìbídùn sì ti lọ́kọ sí Èkó. Bí Tíṣà bá ní ọ̀rọ̀ bá ọmọ wọn sọ, wọn kì í pè wá. Wọ́n á jí ní ìdájí, wọ́n á wọ kóòtù dúdú yẹn, wọ́n á wọkọ̀ lọ sí Èkó, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n á sì wọkọ̀ padà.